NÍGBÀ TÍ PÁÌPÙ ILÉ ÀTIJỌ́ BÁ BẸ́
Ohun tí gbogbo ìdílé gbọ́dọ̀ mọ̀ kí púlọ́mbà tó dé

Omi kò lọ́tàá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n omi tó bá jáde níbi tí kò yẹ kó ti jáde lè di ọ̀tá ilé. Ó lè ba ògiri jẹ́, ó lè mú kí iná mànàmáná gbé ènìyàn, ó sì lè kó àìsàn ran àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin ayálégbé sọ̀rọ̀ lórí páìpù inú àwọn ilé tó ti pẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìdílé wa ló ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé kan wà ní Sùúrùlérè tí wọ́n ti kọ́ láti àwọn ọdún 1950. Bódìjà ní Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó gba òmìnira ní ọdún 1960. Festac ní Èkó sì ni ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti ọdún 1977. Ògiri àwọn ilé wọ̀nyí nípọn, wọ́n sì dúró dáadáa, ṣùgbọ́n páìpù tí kò tíì yí padà nínú wọn ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo omi rẹ̀ lọ.

KÍ LÓ Ń ṢE PÁÌPÙ ONÍRIN?

Irin tí wọ́n fi síǹkì bò ni ọ̀pọ̀ páìpù ayé ìgbà náà. Bí ọdún ti ń lọ, síǹkì náà a máa tán, omi a sì kan irin. Láti inú ni ìpáàrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń jẹ irin náà, ó sì tún ń dì mọ́ inú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé páìpù tó dára lójú láti ìta lè má ní ju ihò tí pẹ́ńsù lè wọ̀ lọ nínú. Ibi tí wọ́n ti gé eyín sí i láti fi so páìpù kan mọ́ èkejì ni irin ti fẹ́lẹ́ jù. Ibẹ̀ náà ló sábà máa ń kọ́kọ́ jò.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ Ẹ Ó FI MỌ̀

1. Omi tó kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ pọ́n bí omi ẹ̀kú, lẹ́yìn náà ó wá mọ́.
2. Omi kò jáde dáadáa mọ́ lókè, bẹ́ẹ̀ ni táǹkì sì kún.
3. Ògiri kan tutù nígbà gbogbo, ọ̀dà ibẹ̀ sì ń ṣí.
4. Ẹ̀rọ tí ń fa omi ń ṣiṣẹ́ lemọ́lemọ́, owó iná sì ń pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá ń fura, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa lálẹ́, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé nínú táǹkì. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lò ó, ó ń jò níbì kan. Fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ da omi zobo díẹ̀ sínú táǹkì kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ má fọ̀ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ pupa bá hàn nínú àwo ìsàlẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó.

Ẹ má fojú kékeré wo kíkán. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ohun tó ń kán bá kún garawa onílítà 10 láàárín wákàtí 5, lítà 48 ni ẹ ń pàdánù lójúmọ́. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ ó di lítà 1,440.

BÍ Ó BÁ BẸ́ LÓJIJÌ

Ẹ má sáré wá aṣọ ìnulẹ̀ ná. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti fáàfù tí omi ń gbà wọlé tàbí èyí tó wà nísàlẹ̀ táǹkì. Gbogbo àgbà inú ilé, àti àwọn ọmọ tó ti gbọ́n, ló yẹ kó mọ ibi tí fáàfù yìí wà. Ẹ máa tì í, kí ẹ sì máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó má baà dógùn-ún pa.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa ẹ̀rọ tí ń fa omi. Bí omi bá ti dé ibi iná lára ògiri, ẹ pa iná gbogbo ilé láti ibi tó ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní láti dúró nínú omi kí ọwọ́ yín tó dé ibẹ̀, ẹ má ṣe é. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ iná. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi tó wà nísàlẹ̀ jù, kí omi tó kù nínú páìpù lè jáde sínú garawa.

Bí ihò náà bá kéré, ẹ gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ẹ wé e mọ́ ọn dáadáa, kí ẹ sì fi wáyà tàbí kílíìpù dè é pinpin. Ìyẹn yóò gbà yín di òwúrọ̀. Kì í ṣe àtúnṣe o.

EWU TÓ FARA PAMỌ́

Ihò tó ń jẹ́ kí omi jáde lè jẹ́ kí ẹ̀gbin wọlé. Nígbà tí omi bá dá, tàbí tí ẹ̀rọ bá ń fa omi, páìpù tó jò a máa fa ohun tó yí i ká mọ́ra. Bí ó bá gba inú gọ́tà kọjá, omi gọ́tà ni yóò bá omi mímu wọlé. Ọ̀nà tí táífọ́ọ̀dù àti onígbáméjì ń gbà dé inú ilé nìyẹn. A kò gbàgbé bí onígbáméjì ti jà ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Nítorí náà, ẹ se omi mímu kí ó hó dáadáa títí ẹ ó fi tún páìpù náà ṣe, kí ẹ sì gbé e kúrò nínú gọ́tà.

Ohun mìíràn ni kòtò ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ó bá kún, ẹ pe ọkọ̀ tí ń fa á. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pa ènìyàn kíákíá, ẹni tó bá sì kó sínú rẹ̀ láti gba ẹni àkọ́kọ́ là náà ń kú. Ẹ má sì ṣáná sí ẹnu rẹ̀, nítorí ó lè gbiná.

ẸNI TÍ YÓÒ SAN OWÓ

Níbí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ayálégbé a ní onílé ló ni páìpù, onílé a ní ayálégbé ló bà á jẹ́. Ẹ jọ wo ìwé àdéhùn yín kí nǹkan tó bàjẹ́. Ìwà ìrẹ́pọ̀ ni kí ayálégbé tètè sọ, kí onílé sì tètè gbọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: ohun tí owó kékeré lè ṣe lónìí lè gba gbogbo ògiri lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé lílẹ̀ kò lópin lórí páìpù onírin tó ti gbó. Bí púlọ́mbà bá ti ń yí ibì kan, ìkejì rẹ̀ a mì, òun náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bí ẹ bá ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọdún kan, ó sàn kí ẹ fi owó pamọ́ láti pààrọ̀ rẹ̀ sí oníke, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ gbẹ dáadáa kí omi tó gba inú rẹ̀, kí ẹ sì bo èyí tó wà níta, nítorí oòrùn a máa mú kí ó gan, kí ó sì fọ́.

Lálẹ́ òní, kí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ jọ rìn yí ilé ká, kí wọ́n sì wá ibi tí fáàfù náà wà. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kò ní máa fi tọ́ọ̀ṣì wá a kiri lóru nígbà tí omi bá ti dé kókósẹ̀.