Ṣé o mọ̀? Fítámì kì í ṣe súìtì

Ṣé o mọ̀ pé ọsàn kan tí wọ́n bó tà ní Ìyànà Ìbà lè tó ọmọ ọdún 9 sí 13 ní fítámì C fún odidi ọjọ́ kan? Mílígíráàmù 45 péré ni ara rẹ̀ ń fẹ́. Hóró kan láti kẹ́míìsì sábà máa ń ní 100, síbẹ̀ àwọn ọmọ wa ń fi í pá ẹnu torí pé ó dùn, ó sì kan díẹ̀. Àlòjù rẹ̀ lè fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Hóró ferrous sulphate 200 mg kan ní nǹkan bí mílígíráàmù 65 èròjà irin nínú. Fún ọmọ ọdún 9 sí 13, 40 ni òpin lóòjọ́, àfi tí dókítà bá ní kó lò ó. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọdọ̀ lò ó láìṣe àyẹ̀wò.

Fítámì A ńkọ́? Ó ti wà nínú ṣúgà, ìyẹ̀fun àti òróró wa láti ọdún 2002, nípa àṣẹ ìjọba. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ló máa ń bà jẹ́.

Ẹ̀yin òbí Ọ̀jọ́ àti Okokomaiko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra fítámì lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri nínú ọkọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ sì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ sókè réré: bí àbúrò kékeré bá gbé ìwọ̀nba hóró mì, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀.