Ṣé ọtí ọkà kì í ṣe craft beer ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ dátà, tí ẹ yàn láti ka ètò wa dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Ọ̀rọ̀ ọtí ni. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, máa kà á lọ, ṣá má mu ún.

Ẹ wá craft beer Nàìjíríà lórí Google, ẹ ò ní ṣàì rí Bature Brewery, tó bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá. Ọ̀pọ̀ ìròyìn ló pè é ní ilé-iṣẹ́ craft beer àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Mi ò bá wọn jà, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. (Òyìnbó ni "bature" lédè Haúsá, ẹ kàn fi sọ́kàn.) Ọ̀rọ̀ "àkọ́kọ́" yẹn ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò.

Kí ni craft beer gan-an? Bíà tí ilé-iṣẹ́ kékeré pọn ni, tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ọtí ńlá kankan. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Brewers Association ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ yẹn kò gbọdọ̀ pọn ju mílíọ̀nù 6 bárẹ̀lì lọ lọ́dún. Bárẹ̀lì wọn kan tó nǹkan bíi lítà 117. Ìyẹn lé ní mílíọ̀nù 700 lítà! Bí èyí bá jẹ́ kékeré, kí ni ká wá pe ìkòkò ìyá tó ń pọntí lẹ́yìnkùlé ní Ponyan?

Ẹ wo iṣẹ́ náà. Wọ́n á rẹ ọkà bàbà sómi, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á bò ó kó lè hù. Tó bá hù fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á lọ̀ ọ́. Híhù yẹn ni àṣírí rẹ̀: òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun inú ọkà lè di ṣúgà. Malt tí òyìnbó ń pè nìyẹn. Wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi sílẹ̀ kó kan díẹ̀, wọ́n á tún gbé e kaná. Tó bá ti tutù, wọ́n á da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àtijọ́ sí i, torí pé ìwúkàrà wà nínú rẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kó tó ṣeé mu. Bùrùkùtù ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ lókè ọya, dolo ni ní Burkina Faso. Àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó bálì àti malt rẹ̀ wọlé ní 1988, ọkà bàbà kan náà làwọn ilé-iṣẹ́ bíà ńlá sá tọ̀ lọ.

Kí ló dé tí kò fi lórúkọ? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Michael Jackson fún yín. Kì í ṣe olórin o! Oníròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni. Ní 1977, ó tẹ ìwé The World Guide to Beer jáde. Ó to bíà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́: ibi tó ti wá, ohun tí wọ́n fi pọn ọ́n, bó ṣe rí lẹ́nu. Ìwé yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ayé mọyì bíà Belgium. Ó kàn lọ bá àwọn apọntí, ó bi wọ́n léèrè iṣẹ́ wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ní oṣù kẹrin 2015, àwọn ènìyàn kú ní Òde-Ìrèlé, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àìsàn àràmàǹdà ni ìròyìn kọ́kọ́ pè é, kó tó hàn pé methanol inú ògógóró ni. Ó yẹ ká gbọ́ ọ, ẹ̀mí ló lọ. Àmọ́ ògógóró yàtọ̀ sí ọtí ọkà: oru ọtí tí wọ́n gbé kaná ni wọ́n ń gbà tó ń di ògógóró, nígbà tí ọtí ọkà kò ju bíà lọ. Lẹ́nu oníròyìn, "ọtí ìbílẹ̀" ni gbogbo rẹ̀. Ewu ọ̀kan wá di ẹ̀sùn èkejì, ẹni tó ń mu ún kò sì mọ èyí tó yẹ kó bẹ̀rù.

Mi ò ní ọtí ọkà kò lábùkù o. Kò sí ẹni tó kọ bó ṣe le tó sára igbá. Ti òní lè dùn, kí ti ọ̀la kan jù. Kì í sì í pẹ́ bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi lè dé ilé ọtí ní Lẹ́kí. Bíà inú ìgò lè wá bá oníròyìn lọ́fíìsì, pẹ̀lú fọ́tò àti ìwé ìpolongo. Ọtí ọkà kò lè wá, oníròyìn ló máa wọ mọ́tò lọ bá a.

Nínú ètò tiwa, láti ìsinsìnyí lọ, a ò ní pe ohunkóhun ní "ọtí ìbílẹ̀" láìsọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ̀yin tí ìyá yín tàbí ìyá ìyá yín ń pọntí, ẹ bá wa bi wọ́n: ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń jẹ́ kí ọkà hù, ta ló sì kọ́ wọn? Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp.