Ọkọ̀ Mànàmáná àti Owó Ìtọ́jú Tí Kò Yẹ Kí A San

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń bẹ lókè òkun, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, èyí tí ó kan àpò àwọn ọmọ wa, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ kan ilé gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń fi agbára mànàmáná rìn, tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ pẹtiróòlù, àti ti owó tí àwọn tí ń ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bèèrè nígbà tí a bá gbé e padà tọ̀ wọ́n lọ fún ìtọ́jú.

Ohun tí ó mú wa kọ èyí ni ìwé kan tí a rí gbà láti ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Ó ra ọkọ̀ mànàmáná àlòkù kan, nítorí pé ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ jìnnà sí ilé rẹ̀, owó epo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ run. Nígbà tí ọkọ̀ náà rin nǹkan bí 30,000 máìlì, ó gbé e lọ sí ilé ìtajà ọkọ̀ kan kí wọ́n lè bá a pààrọ̀ ipò àwọn táyà rẹ̀, ti iwájú sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn síwájú. Iṣẹ́ kékeré ni èyí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí akọ̀wé ibẹ̀ fi jáde tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ìwé gígùn: wọn yóò fọ ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀, wọn yóò nu orí bátìrì, wọn yóò pààrọ̀ omi tí ń mú bátìrì tutù, wọn yóò pààrọ̀ omi búrẹ́ẹ̀kì, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ti táyà sì lé ní 700 dọ́là. Wọ́n tún fi kún un pé bí kò bá ṣe é lọ́dọ̀ àwọn, ìgbọ̀wọ́ tí ilé-iṣẹ́ ṣe lórí ọkọ̀ náà lè bàjẹ́.

Ó kọ ọ́ sí wa báyìí pé: “Bàbá mi, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ni mo ti tọ́jú sí apá kan. Mo ti mú gègé láti fi ọwọ́ sí ìwé náà, ni mo bá rántí pé ẹ máa ń wí fún wa pé abèèrè kì í ṣìnà. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fún mi láyè kí n kọ́kọ́ lọ ka ìwé ọkọ̀ mi.”

Nígbà tí ó ka ìwé náà, kí ni ó rí? Nínú nǹkan márùn-ún tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, méjì péré ni àkókò wọn tó: táyà àti omi búrẹ́ẹ̀kì. Omi tí ń mú bátìrì tutù ṣì jìnnà sí ìgbà tí a ó pààrọ̀ rẹ̀. Méjì tí ó kù, ìwé náà kò tilẹ̀ dárúkọ wọn rárá. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn onítáyà, ó sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan fún ti búrẹ́ẹ̀kì, owó tí ó san kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Oògùn Màmá kò dá ní ọjọ́ kan.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ikùn ọkọ̀ yìí. Nínú ọkọ̀ elépo, iná ń jó nínú ẹ́ńjìnnì láìdákẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Nítorí náà ni ó fi ń fẹ́ ọ́ìlì tuntun, pọ́lọ́ọ̀gì, filítà epo, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà. Ọkọ̀ tí ń lo mànàmáná nìkan kò ní ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí. Bí awakọ̀ bá sì gbé ẹsẹ̀ sókè, mọ́tò tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò di ohun tí ń dá mànàmáná padà sínú bátìrì, yóò sì máa dín eré ọkọ̀ kù. Nípa bẹ́ẹ̀ búrẹ́ẹ̀kì kì í tètè jẹ. Ní ọdún 2021, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó ọ̀ràn agbára kéde ìṣirò kan pé owó ìtọ́jú ọkọ̀ mànàmáná jẹ́ sẹ́ǹtì 6.1 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ti ọkọ̀ elépo jẹ́ sẹ́ǹtì 10.1. Ẹni tí ó bá rin 10,000 máìlì lọ́dún yóò rí i pé 400 dọ́là ni ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí wọ́n kó iṣẹ́ tí kò yẹ lé wa lórí, ọjọ́ kan ṣoṣo ni èrè ọdún kan yóò fi wọmi.

Èéṣe tí irú nǹkan báyìí fi ń ṣẹlẹ̀? Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Kì í ṣe títa ọkọ̀ nìkan ni àwọn olùtajà ọkọ̀ fi ń jẹun. Púpọ̀ nínú èrè wọn ń ti ibi àtúnṣe àti ẹ̀yà ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ tí kì í pààrọ̀ ọ́ìlì kì í sábà padà wá. Nítorí náà, nígbà tí ó bá wá, ìdánwò a wà láti wá iṣẹ́ fún un. A kò wí pé gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn olóòótọ́ ń bẹ láàrin wọn. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ohun èlò ìṣọ́ra kìn-ín-ní ni ìwé atọ́nà tí ó bá ọkọ̀ wá. Ẹ wo àpẹẹrẹ ti Chevrolet Bolt, ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní òpin ọdún 2016. Ìwé rẹ̀ wí pé kí a máa pààrọ̀ ipò táyà ní gbogbo 7,500 máìlì. Kí a pààrọ̀ filítà afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ní 22,500 máìlì. Omi tí ń mú nǹkan tutù sì di 150,000 máìlì tàbí ọdún 5. Omi búrẹ́ẹ̀kì yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀: àwọn kan ń fẹ́ ẹ ní ọdún 2, àwọn mìíràn ní ọdún 3 tàbí 5, nítorí pé omi náà a máa fa ọ̀rinrin sára. Nítorí náà, ìwé ọkọ̀ tìrẹ ni kí o kà, kì í ṣe ti aládùúgbò rẹ.

Èkejì ni òfin. Ẹ̀rù pé ìgbọ̀wọ́ yóò bàjẹ́ ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn san owó tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1975 ni òfin kan ti wà ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Magnuson-Moss Warranty Act, tí kò gbà kí ilé-iṣẹ́ fi dandan mú ẹni tí ó ra ọjà láti máa tún un ṣe lọ́dọ̀ àwọn nìkan kí ìgbọ̀wọ́ rẹ̀ má bàa bàjẹ́, àfi bí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 lòdì sí irú ìfipá-múni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá ba ohun kan jẹ́, ilé-iṣẹ́ lè kọ̀ láti tún ohun náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ kọ ọjọ́ àti iye máìlì sí i, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀.

Èwo wá ni ènìyàn lè ṣe fúnra rẹ̀? Filítà afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ń bẹ lẹ́yìn àpótí kékeré iwájú nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Wáípà kò nílò olùkọ́. Bátìrì kékeré oní-fóòtì 12 pẹ̀lú ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí. Bí ó bá kú, ọkọ̀ kò ní jí, bí bátìrì ńlá tilẹ̀ kún dẹ́nu. Àwọn kan nínú àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà a máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti táyà, ọkọ̀ mànàmáná wúwo, ó sì tètè ń jẹ táyà. Nítorí náà ẹ máa wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bí onítáyà bá fẹ́ fi jáàkì gbé e, ẹ sọ fún un pé abẹ́ ọkọ̀ ni bátìrì ńlá wà, kí ó má ṣe ti jáàkì bọ ibòmíràn bí kò ṣe ibi tí ìwé fi hàn.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ torí pé à ń sá fún owó kí a wá sáré wọ inú ikú. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ó wà lábẹ́ ìbòrí ọkọ̀ ń gbé agbára tí ó tó fóòtì 400 nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nígbà tí iná ilé wa jẹ́ nǹkan bí 230. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án, bí kò ṣe ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu omi tí ó bá rí lọ́jà sínú ìkòkò omi bátìrì, nítorí irú èyí tí ìwé dárúkọ nìkan ni ó yẹ ẹ́.

Ibì kan sì ń bẹ tí ó yẹ kí a sáré lọ bá olùtajà: nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá pe ọkọ̀ padà nítorí àbùkù. Ní ọdún 2021, gbogbo Bolt tí wọ́n ti tà ni a pè padà nítorí bátìrì tí ó lè gbiná, a kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn olówó ọkọ̀ fún àtúnṣe náà. Bátìrì ńlá pẹ̀lú sábà máa ń ní ìgbọ̀wọ́ ọdún 8 tàbí 100,000 máìlì ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀tọ́ ẹni ni èyí. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó bọ́.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá tún bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá ti ka ìwé ọkọ̀ wọn. Ẹ wí fún wọn pé kì í ṣe àfojúdi láti bèèrè lọ́wọ́ akọ̀wé pé, “Ojú ewé wo ni ó wà?” Ìbéèrè kékeré yìí ni ó mú kí oògùn Màmá dé ilé ní àkókò.