Orúkọ Ta Ni Ó Wà Lára Iṣẹ́ Náà?

Àwọn àgbà ní, "Yinni yinni, kí ẹni lè ṣe òmíràn." Ṣùgbọ́n ta ni a ó yìn nígbà tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ bá jọ ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo?

Ìbéèrè yìí wà níwájú àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà àjùmọ̀ṣe, èyí tí a fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí gbangba kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó sì tún un ṣe. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ olùkópa nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀. Orúkọ ni èrè wọn, òun sì ni ọ̀dọ́ tí ń wáṣẹ́ lè fi hàn.

Ní 2005, Torvalds ṣe Git, irinṣẹ́ tí ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Git ya orúkọ ẹni tí ó kọ àtúnṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹni tí ó fi í sínú iṣẹ́. Ọgbọ́n ni, nítorí ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ lè má jẹ́ ẹni tí ó mọ ilé.

Àwọn tí kò kọ ìlà kan ńkọ́? Ẹ wo èdè wa. Yálà a kọ ẹ tàbí ɛ ti ìlànà Bẹ̀nẹ̀, Unicode kò ní àmì kan ṣoṣo fún lẹ́tà náà pẹ̀lú ohùn òkè lórí rẹ̀. Ńṣe ni a ń to lẹ́tà àti ohùn pọ̀. Ètò tí kò mọ èyí lè gbé ohùn sí ibi tí kò yẹ. Ẹni tí ó rí àbùkù náà, tí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, ti ṣiṣẹ́ gidi. Àwọn ará Linux máa ń kọ "Reported-by" fún ẹni tí ó rí àbùkù, "Tested-by" fún ẹni tí ó dán àtúnṣe wò. Ó yẹ ní fífara wé.

Ti àwọn atúmọ̀ èdè ni ó dùn mí jù. Nínú fáìlì ìtumọ̀ gettext, ìlà kan wà tí a ń pè ní "Last-Translator", ìyẹn atúmọ̀ ìkẹyìn. Ẹni tí ó tún ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣe lánàá lè gba àyè ẹni tí ó túmọ̀ ẹgbẹ̀rún. Àyè wà lókè fáìlì náà láti to orúkọ gbogbo wọn pẹ̀lú ọdún, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti gbàgbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ tí ẹ ń túmọ̀ ètò sí èdè wa, ẹ yẹ ibẹ̀ wò kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Bí orúkọ ẹni tí ó ṣáájú yín bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ tó kọ tiyín sí abẹ́ rẹ̀.