ÌLÉDÌÍ ALÁṢỌ: BÍ A ṢE LÈ DÍN PAMPERS KÙ LÁÌ FI ÌYÀ JẸ ỌMỌ

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyí tí a fi ní ká fi ojú ìwé ti oṣù yìí sọ̀rọ̀ nípa ìdí ọmọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ìlera sì ni.

Ohun tí a ń rí ní ìsọ̀ wa ló jẹ́ ká kọ ọ́. Pampers ti wọ́n, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń tọ́mọ lọ́wọ́ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé apá wọn kò ká a mọ́. Wọ́n á de ẹyọ kan mọ́ ọmọ nídìí láago mẹ́fà àárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó tú u. Á ti wú, á ti wúwo, ìdí ọmọ á sì ti bó. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sá a sóòrùn kí wọ́n tún lè lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, pampers tí a kò pààrọ̀ burú ju àkísà tó mọ́ lọ. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó pẹ́ lára ọmọ ló ń jẹ awọ ara rẹ̀, àti ti aṣọ ni o, àti ti pampers ni o.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Àwọn ìyá tó bí wa, ògbólógbòó ìró ni wọ́n ń ya ṣe ìlédìí. Lẹ́yìn náà ni nápì onítáwẹ̀lì dé, pẹ̀lú pín-ìn ńlá àti pátá onírọ́bà. Ní ọdún 1961 ni ilé iṣẹ́ Procter & Gamble kọ́kọ́ gbé Pampers sọ́jà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn olówó ló ń lò ó, àwa ìyókù ń fi pa mọ́ de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àti ọjọ́ ìsìn. Díẹ̀díẹ̀ ó di ti gbogbo ayé, débi pé ilé iṣẹ́ tó wù kó ṣe é, pampers náà la ń pè é.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni náírà já wálẹ̀ gan-an. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Procter & Gamble kéde pé àwọn ò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, wọ́n á kàn máa kó o wọlé ni. Ní 2024, Kimberly-Clark tí ń ṣe Huggies náà kéde pé àwọn ń lọ. Ọjà tó bá ń ti òkè òkun bọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé owó dọ́là ló ń gùn.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ

Ọmọ tuntun lè lo mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́. Bó bá ti dàgbà díẹ̀, ká sọ pé mẹ́fà. Mẹ́fà lójúmọ́ jẹ́ 180 lóṣù, ó jẹ́ 2,190 lọ́dún. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà yín ṣe ìṣirò náà. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ 150 náírà, 900 náírà ni lójúmọ́, 27,000 náírà ni lóṣù. Ọmọ á sì lò ó fún ọdún kan àbọ̀ sí ọdún méjì. Owó ọjà ẹlòmíràn lódidi nìyẹn, tó ń lọ sórí ààtàn.

Ìlédìí aláṣọ kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Ẹ máa ra aṣọ, ẹ máa ra ọṣẹ, ẹni tí ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì á ra omi. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan náà lọmọ á lò títí tí yóò fi mọ bá a ṣe ń jókòó sórí póò, àbúrò rẹ̀ á sì tún bá a níbẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ MÁA NÍ

1. Ìlédìí 24 fún ọmọ tuntun. Bí ọmọ bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, 15 sí 18 á tó. Kí ó jẹ́ òwú gidi: táwẹ̀lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tàbí ògbólógbòó ìró àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó ti rọ̀. Ẹ má lo aṣọ tí ń dán yọ̀, kì í fa omi.

2. Pín-ìn nápì mẹ́rin tàbí mẹ́fà, irú èyí tí wọ́n fi rọ́bà bo orí rẹ̀.

3. Pátá onírọ́bà mẹ́rin, tí kò fún ọmọ nítan.

4. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó ní ọmọrí.

Bí aṣọ náà bá jẹ́ tuntun, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó lò ó, nítorí òwú tuntun kì í tètè fa omi. Ọ̀pọ̀ ló lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó jò, tí wọ́n ní aṣọ kò dára. Wọn kò fọ̀ ọ́ ni.

BÍ A ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ má sọ pé láti ọ̀la lọ ẹ ò ní ra pampers mọ́, ó máa sú yín láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé, ní ọ̀sán, ní ọjọ́ tí ẹ ò lọ sọ́jà. Ẹ fi pampers sílẹ̀ fún òru àti ìrìn àjò. Tó bá mọ́ yín lára, ẹ mú aṣọ wá sọ́jà. Òru ni kẹ́yìn. Ẹni tó bá dúró sórí pampers méjì lójúmọ́ dípò mẹ́fà, ó ti gba mẹ́rin sílẹ̀. Nínú ìṣirò tí a ṣe lókè yìí, 18,000 náírà nìyẹn lóṣù.

Bí ẹ bá fẹ́ dè é, ẹ ká a sí igun mẹ́ta, ẹ fi ibi tó nípọn sí iwájú fún ọkùnrin, sí àárín àti ẹ̀yìn fún obìnrin. Ẹ fi ìka yín sí àárín ikùn ọmọ àti pín-ìn nígbà tí ẹ bá ń gún un, kó jẹ́ pé ìka yín ló máa gún bó bá yọ̀. Bí ìwọ́ ọmọ kò bá tíì já, ẹ ká aṣọ náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ìtọ̀ má baà kàn án. Bí ẹ bá ń pọ̀n ọ́n, ẹ fi aṣọ kejì sí i nínú. Lẹ́yìn wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbẹ́ kò ní àkókò: bó bá ti yà á, ẹ tú u.

FÍFỌ̀ RẸ̀

Ẹ kọ́kọ́ gbọn ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ṣáláńgá. Ìgbẹ́ ọmọ náà ń kó àrùn ràn o, ẹ má gbà pé kò ní nǹkan nínú. Ẹ fi omi tútù ṣan án, kí ẹ wá rẹ ẹ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ọmọrí. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà síbi tí ọmọ tí ń rákò kò lè dé, omi tí kò ju ìwọ̀n díẹ̀ lọ lè pa ọmọdé.

Ọṣẹ lásán ló dára jù. Ẹ fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí tí kò fi hó mọ́, nítorí ọṣẹ tó kù lára aṣọ ló ń mú ìdí ọmọ yún un. Ẹ má fi sítáàṣì sí i, ẹ má fi omi olóòórùn dídùn tí ń mú aṣọ rọ̀ sí i, kò ní jẹ́ kó fa omi. Bí ẹ bá lo Jik lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó kéré, kí ẹ ṣan án dáadáa. Ẹ má da Jik pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ̀-ilé-ìgbẹ́ rárá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pani. Omi ìdọ̀tí rẹ̀ kò gbọdọ̀ súnmọ́ kànga.

SÍSÁ ÀTI ÁYỌ́Ọ̀NÙ

Oòrùn ni dókítà àkọ́kọ́. Ẹ sá a sí orí okùn níbi tí oòrùn ti ń pa á, ẹ má sá a sórí koríko tàbí iyanrìn. Eṣinṣin kan wà tó fẹ́ràn láti máa yé ẹyin sí aṣọ tútù, àgàgà lábẹ́ ibòji. Bí ẹyin náà bá pa, ìdin rẹ̀ á wọ inú awọ ara ọmọ, á di eéwo tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń lọ aṣọ ọmọ. Wọn ò ṣe fáàrí. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ níwájú àti lẹ́yìn, títí kan etí rẹ̀. Bí kò bá sí iná, áyọ́ọ̀nù eléèédú wà. Bí kò bá sí èyíkéyìí rárá, ẹ sá a sínú ilé tí eṣinṣin kò ti lè bà lé e, kí ó sì gbẹ dáadáa.

KÁŃFỌ̀: Ẹ GBỌ́ ÈYÍ DÁADÁA

Nínú gbogbo ohun tí a kọ, èyí ló wúwo jù. Bí ẹ bá fẹ́ kó ìlédìí àti aṣọ ọmọ pa mọ́, ẹ má fi káńfọ̀ sí i. Káńfọ̀ funfun róbótó yẹn, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni naphthalene. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ wa ni wọ́n bí pẹ̀lú àìtó ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, ó sì pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ẹ ò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí káńfọ̀ ti fọwọ́ kàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ àti ara rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè. Bó bá le, á dé ọpọlọ. Ọmọ náà lè kú, tàbí kó má gbọ́ràn mọ́, kó má lè rìn.

Aṣọ ọmọ àkọ́bí tí ẹ ti fi káńfọ̀ pa mọ́ láti ọdún mẹ́ta, òun gan-an ni ewu, ẹ má yọ ọ́ wọ àbúrò rẹ̀. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n, tí kò fẹ́ mu ọmú, tó ń sùn jù, tàbí tó ń na ẹ̀yìn gan-an, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbé e sí oòrùn àárọ̀, ẹ má fún un lómi ìbẹ́pẹ.

BÍ ÌDÍ BÁ BÓ

Ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀, ẹ fi fáṣẹ́líìnì pa á. Ẹ má fi ìpara làpálàpá alágbára tí wọ́n ń tà kiri kùn ún, ó ń ba awọ ọmọ jẹ́. Bó bá pé ọjọ́ mẹ́ta tí kò lọ, tó ń pọ́n rokoso nínú ìpàdé itan, tàbí tó ń ṣe omi, ẹ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà.

NÍ ỌJÀ

Ìlédìí mẹ́fà, pátá méjì, táwẹ̀lì kékeré kan, àti láílọ́ọ̀nù méjì tí kò jò fún èyí tó ti dọ̀tí, inú báàgì kan ni gbogbo rẹ̀ á wọ̀. Ẹ̀yin aláta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó kan ìdí ọmọ. Ẹ̀yin tí ń ta oúnjẹ, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó padà sídìí oúnjẹ. Ẹni tó bá sì lo pampers, ẹ má sọ ọ́ sí gọ́tà. Rọ́bà ló pọ̀ lára rẹ̀, kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Òjò ńlá bá dé, òun ló ń dí ojú gọ́tà, omi á sì wọ inú ìsọ̀ gbogbo wa.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń ta pampers, ẹ má bínú sí wa. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Àwọn oníbàárà yín á ṣì rà á fún òru àti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kó nápì àti pátá onírọ́bà mọ́ ọjà yín, èrè ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin aláṣọ pàápàá, àjákù táwẹ̀lì tí ẹ ń tà lówó pọ́ọ́kú, ọjà ni.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ kọ́ àwọn ìyàwó ilé yín láì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí ìdí rẹ̀ gbẹ, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè pé kí ni wọ́n fi dì í.

Olúwa yóò wo àwọn ọmọ wa dàgbà, ajé á sì máa bá wa gbé. Ó di oṣù tó ń bọ̀.