Ìjù tí ìwé kì í kà: bí fáòlù ṣe ń wọ àkọsílẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì

Láti ìgbà tí D'Tigress, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, ti na Mali ní 78 sí 64 ní Abidjan lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, tí wọ́n sì gba ife AfroBasket lẹ́ẹ̀karùn-ún léraléra, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kò kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Bódìjà àti Agbowó n'Ìbàdàn. Bí àríyànjiyàn bá le, fóònù ni wọ́n ń fà yọ: ìgbà mélòó ni lágbájá jù, mélòó ló wọlé? Wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Kò parí síbẹ̀, torí pé àwọn ìjù kan wà tí gbogbo ojú rí, tí ìṣirò yẹn kò kà rárá.

Bí wọ́n bá lu ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù lápá, tí bọ́ọ̀lù náà sì wọlé, wọ́n á ka ìjù kan àti àwọ̀n kan fún un, póìntì rẹ̀ á dúró, wọ́n á sì fún un ní free throw (ìjù ọ̀fẹ́) kan lé e. Bí kò bá wọlé, free throw méjì ni, tàbí mẹ́ta bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ilà póìntì mẹ́ta ló ti jù ú. Ṣùgbọ́n ìjù tó tàsé yẹn, wọ́n á pa á rẹ́. Ká ní ọmọbìnrin kan ju bọ́ọ̀lù nígbà mẹ́wàá: mẹ́rin wọlé, mẹ́ta tàsé lásán, mẹ́ta yòókù tàsé nítorí pé wọ́n fáòlù rẹ̀. Mẹ́rin nínú méje ni ìwé á kọ fún un, ìyẹn bí ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò ní kọ mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lù ú ló ba ìjù náà jẹ́, kí ló dé tí a ó fi gbèsè rẹ̀ sọ́rùn ẹni tí wọ́n lù?

Ẹ wo Giannis Antetokounmpo, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kó láti Nàìjíríà lọ sí Gíríìsì, tí Adétòkunbọ̀ ilé wa sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2021, lálẹ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Milwaukee, gba ife NBA, líìgì Amẹ́ríkà, póìntì 50 ló jẹ. Ìwé ní ó ju bọ́ọ̀lù nígbà 25, 16 wọlé. Ṣùgbọ́n póìntì 33 péré ni ìyẹn mú wá. Free throw 17 tó wọlé nínú 19 ló mú ìyókù wá. Ẹni tó bá pín 50 sí 25 kàn ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ìwé tí wọ́n ń kọ lórí tábìlì létí pápá tún ṣe ohun mìíràn tó máa ń jọ mí lójú. Lórí ìwé FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, àwọ̀n póìntì méjì, ilà kan tó dagẹ̀rẹ̀. Àwọ̀n póìntì mẹ́ta, wọ́n á fi róbótó yí nọ́ńbà ẹni tó jù ú ká. Free throw tó wọlé, róbótó dúdú kékeré. Èyí tó tàsé kò ní àmì kankan. Fáòlù ńkọ́? Iwájú orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: P, pẹ̀lú iye free throw tó fà, bíi P2. Bó bá pé márùn-ún, ó di ìta. Ti NBA jẹ́ mẹ́fà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò ní àyè kankan níwájú orúkọ tirẹ̀. Níbi ìdíje ńlá ti FIBA, àwọn oníṣirò mìíràn wà tí wọ́n ń ka iye fáòlù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà lára alátakò. Níbi ìdíje ilé ìwé àti ti àdúgbò, ìwé orí tábìlì yẹn nìkan ló sábà máa ń wà.

Èyí ló ń dùn mí. Ọmọ tó ń fi ara wọ abẹ́ àwọ̀n, tó mú kí alátakò tó ga jù lọ gba fáòlù kẹrin kí ìdajì eré tó pé, tó sì wá tàsé free throw rẹ̀, ó lè parí eré láìní àmì kan ṣoṣo tó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn lórí ìwé. Lójú tèmi, bí a bá ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ yan ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀, ó ṣeé ṣe ká máa fi àwọn tó wúlò jù sílẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó ti akọ̀wé pẹ̀lú ìwé ilé ẹ̀kọ́ lásán, kó máa kọ nọ́ńbà gbogbo ẹni tí wọ́n bá fáòlù níbi ìjù. Ó ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.