Wíwọn Ìgbóná Nígbà tí Ásíìdì àti Álíkálì Bá Pàdé

Ọwọ́ a máa tan ènìyàn jẹ bí a bá fi í wọn ìgbóná. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, omi kànga a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ lára ẹni tí ń wẹ̀. Bí ó bá di ọ̀sán gangan, omi kànga kan náà a máa tutù. Ìgbóná omi náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Afẹ́fẹ́ àti ara wa ni ó yí padà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń lo òṣùwọ̀n ìgbóná tí a ń pè ní tẹmómítà.

Ìwúlò òṣùwọ̀n yìí hàn gbangba bí a bá ń wádìí bí ásíìdì àti álíkálì ṣe ń pa agbára ara wọn. Ásíìdì ni ó ń mú kí omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Álíkálì ni ó wà nínú omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Bí a bá da ásíìdì àti álíkálì pọ̀ ní ìwọ̀n tí ó bára mu, wọn a di iyọ̀ àti omi, ooru a sì jáde.

Ohun tí a ó ṣe nìyí. Kí a kọ́kọ́ fi awò bo ojú, nítorí kọ́sítíìkì sódà lè ba ẹyinjú jẹ́. Kí a wọn ásíìdì haidrokilọ́ríìkì 50 cm³ sínú ife fóòmù, nítorí fóòmù kì í jẹ́ kí ooru tètè sá lọ. Kí a wọn omi kọ́sítíìkì sódà 50 cm³ sọ́tọ̀. Kí agbára àwọn méjèèjì jẹ́ móòlù 1 nínú lítà 1. Kí a ka ìgbóná ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì fọ tẹmómítà kí a tó ti inú ọ̀kan bọ èkejì. Lẹ́yìn náà, kí a da sódà sínú ásíìdì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a rò ó, kí a sì máa ka òṣùwọ̀n ní ìdajì ìṣẹ́jú sí ìdajì ìṣẹ́jú.

Ká ní àwọn méjèèjì wà ní 28°C tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì gòkè dé 34.5°C. Ìgbóná ti fi 6.5°C lé sí i. Bí a bá wá lo 100 cm³ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣé yóò fi 13°C lé ni? Rárá o, 6.5°C náà ni. Ooru di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n omi tí yóò mú gbóná di ìlọ́po méjì pẹ̀lú. Bí iṣu bá di ìlọ́po méjì, tí àwọn tí yóò jẹ ẹ́ sì di ìlọ́po méjì, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kò lè pọ̀ sí i.

Láti mọ iye ooru náà, a ó ṣírò 100 × 4.2 × 6.5: 100 ni gíráàmù omi tí ó wà nínú ife, 4.2 sì ni iye júùlù tí ń fi 1°C kún ìgbóná gíráàmù kan. Ó jẹ́ júùlù 2,730. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ìdá 20 móòlù kan ni a lò, móòlù kan yóò mú júùlù 54,600 wá. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 57,000 ni iye tí a ń rí nínú ìwé.

Níbo ni ìyókù lọ? Ife gbà nínú rẹ̀, tẹmómítà gbà, afẹ́fẹ́ sì gba tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pa 34.5 rẹ́, tí ó kọ 34.8 kí ìṣirò rẹ̀ lè bá ìwé mu, ti pa ẹlẹ́rìí rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Bí a bá fi omi amóníà rọ́pò sódà, nǹkan bí 52,000 ni ooru tí yóò jáde, nítorí álíkálì tí kò lágbára ni amóníà. Ẹni tí ń wo ìwé kọ iye kò ní mọ̀ pé ohun kan yàtọ̀. Nípa wíwọn irú ooru báyìí ni Germain Hess, ní ìlú St. Petersburg, fi gbé òfin rẹ̀ lórí ooru kalẹ̀ ní ọdún 1840. Nítorí náà, ohun tí òṣùwọ̀n bá wí ni kí a kọ. Bí ó bá yàtọ̀ sí ti ìwé, kí a wádìí ohun tí ó fà á.